Ṣé Ó Yẹ Kí Ẹ Bẹ̀rẹ̀ The Dresden Files? Èrò Òǹkàwé Kan ní Adó-Èkìtì

Ohun tí àwọn tí a jọ ń kàwé ní Adó-Èkìtì máa ń bi mí nípa The Dresden Files kì í sábà jẹ́ bóyá ó dùn. Gígùn rẹ̀ ni ó ń bà wọ́n lẹ́rù. Ìwé àkọ́kọ́, Storm Front, jáde ní ọdún 2000. Ìwé kejìdínlógún, Twelve Months, jáde ní oṣù kìíní ọdún 2026. Síbẹ̀ ìtàn náà kò tíì parí. Olùkọ́ tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ń fi owó oṣù gbọ́ bùkátà ilé, tí ó sì mọ̀ pé dọ́là ni wọ́n fi ń díye lé irú ìwé bẹ́ẹ̀, ní ẹ̀tọ́ láti wádìí ohun tí yóò bá níbẹ̀ kí ó tó náwó sí i. Mo ti ka ọ̀wọ́ ìwé yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé Battle Ground tí ó jáde ní 2020, mo sì ti padà tún àwọn kan kà nínú wọn. Èrò mi ni pé ó yẹ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe fi ìwé kan ṣoṣo dán an wò.

Jim Butcher, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ó kọ ọ́. Harry Dresden ni ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn náà fún wa: oṣó ni, òtẹlẹ̀múyẹ́ tí ń gbowó iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà sì ni, ní ìlú Chicago. Kò fi ara pamọ́ rárá. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé tí wọ́n ń to nọ́ńbà tẹlifóònù àwọn ará ìlú sí, ó sì kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ pé oṣó ni òun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé àkọ́kọ́ gan-an, ọkùnrin kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pín lẹ́tà ní àdúgbò náà ka ohun tí ó wà lára ilẹ̀kùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀ka kan wà láàárín àwọn ọlọ́pàá Chicago tí wọ́n máa ń ju ẹjọ́ tí kò yé ẹnikẹ́ni sí. Karrin Murphy ni ọ̀gá ibẹ̀, òun ni ó sì máa ń ránṣẹ́ pe Harry. Òfin kan tí mo fẹ́ràn púpọ̀ nínú ayé ìtàn yìí ni pé agbára oṣó máa ń ba ẹ̀rọ ìgbàlódé jẹ́. Nítorí náà, Harry kò lè lo kọ̀ǹpútà, ọkọ̀ Volkswagen àtijọ́ ni ó ń wà, yàrá tí ó ń gbé ní ìsàlẹ̀ ilé kò sì ní iná mànàmáná. Àbẹ́là ni ó fi ń ríran, igi ni ó ń dáná sí láti móoru, yìnyín ni ó fi ń tọ́jú oúnjẹ kí ó má bàjẹ́, omi tútù ni ó sì fi ń wẹ̀ nígbà tí òjò dídì bo ìta. Òǹkàwé tí ó ti gbé ní Adó nígbà tí iná kò wá fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kò nílò àlàyé kí ó tó mọ bí ìgbé ayé bẹ́ẹ̀ ti rí, mo sì gbóríyìn fún òǹkọ̀wé náà pé kò gbàgbé òfin yìí láti ìwé kan dé èkejì, kódà nígbà tí ìbá rọrùn fún un bí Harry bá kàn yọ fóònù alágbèéká pe ẹnìkan.

Ìwé méjì àkọ́kọ́ ni ó máa ń lé ọ̀pọ̀ ènìyàn sá. Butcher ṣì ń kọ́ iṣẹ́ ìwé kíkọ ní Yunifásítì Oklahoma, lábẹ́ olùkọ́ rẹ̀ Deborah Chester, nígbà tí ó kọ Storm Front, ìyẹn sì hàn lára iṣẹ́ náà. Ìtàn ẹni tí ń fi agbára òkùnkùn pa ènìyàn láti ọ̀nà jíjìn ni, ó yára, kò sì sú ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ka ìtàn òtẹlẹ̀múyẹ́ díẹ̀ yóò ti rí ibi tí ó ń lọ. Fool Moon, tí ó dá lórí àwọn ènìyàn tí ń di ìkookò, jáde ní 2001, ó sì ní àléébù tí ó bí mi nínú ju ti àkọ́kọ́ lọ: Harry ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún Murphy ní orúkọ pé òun ń dáàbò bò ó, Murphy ń fura sí i nítorí ohun tí ó fi pamọ́, àwọn ènìyàn sì ń kú láàárín wọn. Bí ó bá ti bá obìnrin náà sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wàhálà ìwé náà kì bá tí ṣẹlẹ̀. Èyí tí ó burú jù lójú tèmi ni bí ó ṣe ń wo obìnrin. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí obìnrin tí yóò wọ inú ìtàn náà tí Harry kò ní kọ́kọ́ júwe ara rẹ̀ fún wa kí a tó gbọ́ ohun tí ó bá wá. Àṣà yìí dínkù bí ọdún ti ń lọ, ṣùgbọ́n kò tán, àwọn obìnrin tí mo yá ní ìwé yìí sì ti dá a padà nítorí rẹ̀. N kò lè bá wọn jiyàn.

Grave Peril ni ó yí ọ̀rọ̀ padà fún mi, òun ni ìwé kẹta, 2001 kan náà ni ó sì jáde. Títí di ìgbà náà, bí ẹjọ́ kan bá ti parí, ó parí nìyẹn. Nínú Grave Peril, Harry lọ sí àsè kan ní ilé àwọn amùjẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Red Court. Wọ́n ti dẹ pàkúté sílẹ̀ fún un níbẹ̀, kí ó lè jẹ́ pé òun ni yóò kọ́kọ́ rú òfin àlejò, òun náà sì mọ̀ pé pàkúté ni. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ó fẹ́ràn, oníròyìn tí ń jẹ́ Susan Rodriguez, ti wọ ibẹ̀ láìgbà ìmọ̀ràn rẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ alẹ́ náà yóò sì fi mọ́, nǹkan ti bàjẹ́ fún Susan ní ọ̀nà tí kò ṣeé tún ṣe, Harry sì ti ṣe ohun tí yóò dá ogun sílẹ̀ láàárín gbogbo oṣó ayé àti gbogbo ìdílé amùjẹ̀ náà. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu kò sí nínú ìjà yẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjà náà gbóná. Ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé kẹrin, Summer Knight, ní 2002: a bá Harry nínú ìdọ̀tí, irùngbọ̀n ti kún ojú rẹ̀, kò wẹ̀, kò san owó ilé, ó ti tì ara rẹ̀ mọ́lé láti máa wá oògùn tí yóò wo Susan sàn, àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ oṣó sì ti ń wò ó pé bí àwọn bá fi í lé ọ̀tá lọ́wọ́, ogun náà lè parí. Ìwé mìíràn ì bá ti jẹ́ kí akọni rẹ̀ gbọn eruku nù kí ó sì máa lọ. Nínú èyí, ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀, eérú náà sì ń tọ̀ ọ́ láti ìwé dé ìwé títí dé Changes, ìwé kejìlá, ní 2010. N kò ní sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ fún ẹni tí kò tíì kà á. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kò lè dun ẹni tí ó bá fo àwọn ìwé ìṣáájú bí ó ṣe dun ẹni tí ó bá wọn rìn.

Ibí yìí ni mo ti rí ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ gígùn. Ẹ wo gbèsè Mab. Mab ni ọbabìnrin àwọn iwin ìgbà òtútù, kì í purọ́, kì í sì í ṣe àdéhùn tí kò ní gbà padà. Nínú Summer Knight ó ra gbèsè kan tí Harry jẹ lọ́wọ́ iwin mìíràn, ó sì sọ pé bí Harry bá jẹ́ òun ní iṣẹ́ mẹ́ta, òun yóò dá a sílẹ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni ìtàn inú ìwé náà. Iṣẹ́ kejì kò dé títí di Small Favor, ìwé kẹwàá, tí ó jáde ní 2008. Ọdún mẹ́fà ni àwọn tí ń rà á bí ó ti ń jáde fi dúró, ní gbogbo àkókò náà ni gbèsè yìí sì wà lọ́rùn Harry, tí òǹkàwé mọ̀ pé yóò dé ọjọ́ kan. Àwa tí a dàgbà ní ibi tí wọ́n ti ń sọ fún ọmọdé pé ẹni tí ó bá jẹ́ ẹ̀jẹ́ ní ẹsẹ̀ òkè gbọ́dọ̀ padà lọ san án, tí ará Ìkẹ́rẹ́ sì mọ ohun tí Olósùnta, òkè tí wọ́n ń bọ níbẹ̀, jẹ́ fún àwọn baba rẹ̀, kò ní ṣòro fún wa láti lóye ìdí tí Harry kò fi lè sùn dáadáa. Ìwé kan ṣoṣo kò lè ṣe irú èyí. Ó nílò ọdún, ó nílò kí a gbàgbé díẹ̀ kí wọ́n tó wá rán wa létí. Harry fúnra rẹ̀ sì ń dàgbà. Bí ọdún ti ń yí fún wa ni ó ń yí fún un, ọgbẹ́ àtijọ́ ṣì ń dùn ún, àwọn ọmọdé tí ó wà ní ìtòsí rẹ̀ ń di àgbà.

Mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ lórí ìgbàgbọ́, nítorí ní Èkìtì ìbéèrè kan wà tí yóò jáde láti ẹnu òbí tàbí alàgbà ìjọ: ṣé ó dára kí Kristẹni máa ka ìwé oṣó? Mo fi ọ̀wọ̀ gba ìbéèrè náà, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe ohun tí ọkàn rẹ̀ kò gbà. Ohun tí mo lè sọ ni ohun tí ó wà nínú ìwé. Òfin méje ni àwọn oṣó inú rẹ̀ ń tẹ̀ lé, àkọ́kọ́ ni pé kí ẹnikẹ́ni má fi agbára yìí pa ènìyàn, ikú sì ni ìjìyà ẹni tí ó bá rú wọn. Ẹni tí ó dúró ṣinṣin jù lọ nínú gbogbo ìtàn náà sì ni Michael Carpenter, ọmọ ìjọ Kátólíìkì, oníṣẹ́ igi àti ilé kíkọ́, baba ọlọ́mọ púpọ̀, tí ó ń gbé ọ̀kan nínú idà mẹ́ta tí a fi ìṣó àgbélébùú sínú wọn. Ó máa ń bá Harry wí bí ó bá sọ ìsọkúsọ, ó ń gbàdúrà kí ó tó jà, òǹkọ̀wé kò sì fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà rárá. Nínú Death Masks, ní 2003, àwọn ọ̀tá Michael ni àwọn tí ẹ̀mí àìmọ́ ń lò nípasẹ̀ ọgbọ̀n owó fàdákà Júdásì, ohun tí Michael sì ń fẹ́ ṣáájú ni kí wọ́n ronú pìwà dà. N kò rí ìwé àròsọ púpọ̀ irú rẹ̀ tí ó fi ènìyàn rere hàn láìsọ ọ́ di òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé ọmọdé. Ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ sì wà ní àwọn ibi kan. N kò ní fi í lé ọmọ tí kò tíì wọ ìpele àgbà ilé-ẹ̀kọ́ girama lọ́wọ́.

Ní ti rírà, ẹ̀dà orí fóònù ni mo dúró tì. Ẹ̀dà tòkunbọ̀ tí mo rà lọ́wọ́ òǹtàwé kan ní ìgboro Adó kò ní ojú ìwé tí ó kẹ́yìn, ẹ wo bí ó ti rí fún ìtàn òtẹlẹ̀múyẹ́! Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀dà oníwèé, ẹ ṣí i wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ẹ tó sanwó. Ẹ̀dà tí a ń gbọ́ pẹ̀lú etí dára gidigidi. Òṣèré James Marsters ni ó kà á, ohùn rẹ̀ sì bá Harry mu débi pé n kò lè gbọ́ ohùn mìíràn mọ́ bí mo bá ń kà á fúnra mi. Dátà tí ó ń jẹ kò kéré, nítorí náà ẹ wà á sílẹ̀ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dára, kí ẹ lè máa gbọ́ ọ lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ tàbí Ìbàdàn.

Ìdádúró ni ìṣòro gidi. Skin Game, ìwé kẹẹ̀ẹ́dógún, jáde ní 2014; ó dára, ọ̀kan nínú àwọn tí mo fẹ́ràn jù ni. Lẹ́yìn rẹ̀, ọdún mẹ́fà kọjá. Peace Talks dé ní oṣù keje ọdún 2020, Battle Ground tẹ̀ lé e ní oṣù kẹsàn-án, nítorí pé ìwé kan náà ni wọ́n kí wọ́n tó gé e sí méjì, ojú gígé náà sì hàn: Peace Talks ń kó àwọn ènìyàn jọ, ó ń gbé ìbéèrè kalẹ̀, ó sì dáwọ́ dúró nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná. Ẹ rà wọ́n pọ̀ tàbí kí ẹ má rà á. Ó lé ní ọdún márùn-ún kí Twelve Months tó jáde, Butcher sì ti sọ pé ìwé mẹ́ta ńlá ni òun yóò fi kádìí gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn àwọn mìíràn tí ó ṣì ń bọ̀. Ẹni tí kò bá lè fara da ìtàn tí kò tíì parí lè dúró ní Skin Game, nítorí ìwé náà ní ẹjọ́ tirẹ̀ tí ó parí.

Nítorí náà, ẹ ra mẹ́ta àkọ́kọ́ papọ̀, kí ẹ sì kà wọ́n ní ẹsẹẹsẹ. Àwọn kan ń sọ pé kí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ láti Dead Beat, ìwé keje, nítorí pé ó dára ju àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Òótọ́ ni pé ó dára jù, ṣùgbọ́n gbèsè Mab àti ọ̀rọ̀ Susan yóò di ìròyìn lásán fún ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ka Grave Peril tán tí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Susan kò kàn yín, ẹ fi í sílẹ̀ láìkẹ́dùn. Eré tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ṣe nínú rẹ̀ ní 2007 kò ju apá méjìlá lọ kí wọ́n tó fòpin sí i, ó sì yí ọ̀pọ̀ nǹkan padà. Kò lè fi bí ìwé náà ti rí hàn yín. Ìwé ìtàn kéékèèké méjì tún wà, Side Jobs ti 2010 àti Brief Cases ti 2018. Ẹ má ṣe ṣí Side Jobs kí ẹ tó ka Changes tán, nítorí ìtàn tí ó kẹ́yìn nínú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní kété tí Changes parí, Murphy ni ó sì ń sọ ọ́.