Àwọn tó tún sílóò ẹ̀ńjìnì ọkọ̀ ojú omi mi ṣe ní Òṣogbo

Mo ní ọkọ̀ ojú omi kan tó ń gbé apẹja àti ẹrù oko lórí omi ìdídò Erinlẹ̀. Ẹ̀ńjìnì alágbára ẹṣin 40 tó ń lo injẹ́kítọ̀, ìyẹn ohun tó ń fín epo wọlé, dípò káábúrétọ̀ ló wà nídìí rẹ̀, sílóò rẹ̀, ìyẹn bí ó ṣe ń rọra ṣiṣẹ́ nígbà tí a kò fún un níná, sì ti ń dà mí láàmú fún nǹkan bí oṣù 3. Tí a bá ṣáná sí i láàárọ̀, ohùn rẹ̀ a dán, ṣùgbọ́n tó bá ti gbóná tán, tí awakọ̀ bá wá dín iná kù kí ó lè sún mọ́ etí omi, ẹ̀ńjìnì a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, a sì kú bí wọ́n bá ti ki jíà bọ̀ ọ́. Kí ọkọ̀ tó kún fún èrò kú nítòsí èbúté, kí afẹ́fẹ́ máa gbé e lọ sídìí àwọn kùkùté tó wà lábẹ́ omi, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré rárá.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ bá pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ó sì yí sikúrù tó ń dá ọwọ́ iná dúró (ọwọ́ iná ni ohun tó ń ṣí kí afẹ́fẹ́ wọlé nígbà tí awakọ̀ bá fún un níná) kí sílóò lè ròkè, bí wọ́n ti máa ń ṣe fún jẹnẹrétọ̀. Kò kú fún ọjọ́ mélòó kan, àmọ́ bí jíà bá ti ń wọlé, ariwo rẹ̀ a dà bí ìgbà tí wọ́n fi òòlù lu irin.

Ṣọ́ọ̀bù tí mo fẹ́ jẹ́rìí sí wà ní Òkè-Baálẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ wọn ni pé wọn kò tú nǹkan kan títí wọ́n fi mọ ibi tí àrùn wà. Ọ̀gá wọn béèrè bóyá ìgbà tó tutù ni ó ń kú tàbí ìgbà tó gbóná, ó sì ní kí ọmọ iṣẹ́ òun máa tẹ bọ́ọ̀lù rọ́bà tó wà lójú ọ̀nà epo nígbà tí ẹ̀ńjìnì ń gbọ̀n lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fetí sí i dáadáa. Bí ohùn rẹ̀ bá gún bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́, epo ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó, tàbí kó jẹ́ pé ọ̀nà epo ń fa afẹ́fẹ́." Ohùn náà kò yí padà. Ó da epo inú fíltà sínú ìgò funfun kan. Omi díẹ̀ sùn sísàlẹ̀ lábẹ́ bẹntiróòlù, ó ń yí kiri bí ìlẹ̀kẹ̀ nígbà tí ó yí ìgò náà díẹ̀. Ó pààrọ̀ fíltà, ṣùgbọ́n ó sọ fún mi pé omi yẹn kò tó ohun tó ń pa ẹ̀ńjìnì. Ó tún wọn agbára tí pọ́ǹpù fi ń ti epo lọ sí injẹ́kítọ̀, ìyẹn náà dúró ṣinṣin.

Ìgbà náà ni ó tó tú fáàfù tó ń fún ẹ̀ńjìnì ní afẹ́fẹ́ nígbà tí ọwọ́ iná bá wà ní títì. Ó ki ìka bọ ihò rẹ̀, ìka náà sì jáde ní dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó ṣàlàyé pé nígbà tí ẹ̀ńjìnì bá tutù, kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ máa ń ṣí fáàfù náà gan-an, tí ẹnikẹ́ni kò fi ní mọ̀ pé ihò ti ń dí. Ìgbà tó bá gbóná, tí kọ̀ǹpútà dín ṣíṣí náà kù, ni èémí rẹ̀ á há. Sikúrù tí ẹni àkọ́kọ́ yí ni ó wá dá kún un, nítorí sẹ́ńsọ̀, ohun tó ń wo bí ọwọ́ iná ṣe ṣí tó, ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé ọwọ́ iná ṣì wà ní ṣíṣí, kọ̀ǹpútà kò sì gbà mọ́ pé sílóò ni ẹ̀ńjìnì wà tí òun fi máa darí fáàfù náà. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí wọra, torí owó ni mo san fún ẹni tó fi kún àìsàn ọkọ̀ mi.

Wọ́n fọ fáàfù àti ihò rẹ̀, wọ́n dá sikúrù padà sí ààyè rẹ̀, wọ́n sì dán ẹ̀ńjìnì wò nínú dúróòmù omi ní ìta gbangba, kí èéfín rẹ̀ má baà padà wọ inú rẹ̀ kí ó tún máa gbọ̀n. Ó dúró sí nǹkan bí 750 ìyípo ní ìṣẹ́jú kan. Síbẹ̀ ọ̀gá náà kò gba owó tó kù lọ́wọ́ mi níbẹ̀. Ó tẹ̀ lé wa dé Erinlẹ̀, ó ní ẹ̀ńjìnì tí kò tíì ti ọkọ̀ kò tíì ṣiṣẹ́. A ki jíà bọ̀ ọ́ síwá sẹ́yìn pẹ̀lú ẹrù nínú ọkọ̀ fún bíi wákàtí kan, kò kú lẹ́ẹ̀kan.

Àléébù wọn kò ṣe é fi pamọ́. Ọjọ́ 9 ni mo fi dúró de gásíkẹ́ẹ̀tì kan, ohun tó ń dí àlàfo láàárín irin méjì, láti Èkó, wọn kò sì pè mí lẹ́ẹ̀kan láàárín rẹ̀. Wọn kò kọ ohun tí wọ́n wọ̀n sínú ìwé fún mi, bẹ́ẹ̀ ohun tí èmi ì bá fẹ́ tọ́jú nìyẹn. Owó iṣẹ́ jẹ́ ₦45,000, fíltà àti gásíkẹ́ẹ̀tì sì wà lọ́tọ̀; kò wọ́n lójú mi. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ gbé táǹkì epo yín àti ọ̀pá rọ́bà rẹ̀ dání, nítorí wọn kì í fi epo tiwọn dán ẹ̀ńjìnì ẹlòmíràn wò.