Ṣọ́ọ̀bù orúkọ Kòríà ní Tanke: ọwọ́ wọn dára, ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n ní ìtumọ̀ dáadáa

Orúkọ Kòríà ti di ọjà ní ọ̀nà Tanke tó lọ sí Yunifásítì Ìlọrin. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń tẹ̀ ẹ́ sára káàdì, ife àti kíhódà, tó sì ń gbẹ́ ẹ sára igi bí òǹtẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní dojang ní Kòríà. Káàdì jẹ́ ₦2,500, ife ₦6,000, òǹtẹ̀ igi sì jẹ́ ₦9,500 pẹ̀lú páàdì tàdáwà pupa. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn mọ́, etí káàdì wọn gún, wọn kì í sì í fi ọjọ́ dá oníbàárà láàmú. Ìtumọ̀ tí wọ́n ń kọ sábẹ́ orúkọ ni kò ṣeé gbọ́kàn lé, bẹ́ẹ̀ ìtumọ̀ yẹn gan-an ni púpọ̀ nínú àwọn tó ń wá síbẹ̀ ń sanwó fún.

Ìró nìkan kì í sọ ìtumọ̀ orúkọ ọmọ Kòríà. Orúkọ ìdílé ló ń ṣíwájú, ó sábà máa ń jẹ́ sílébù kan: Kim, Lee, Park. Orúkọ àbísọ ló tẹ̀lé e, sílébù méjì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní orúkọ àtijọ́ àti ní ọ̀pọ̀ orúkọ òde òní, sílébù kọ̀ọ̀kan ní àmì Hanja tirẹ̀, àmì tí àwọn baba ńlá wọn yá lọ́wọ́ àwọn ará Ṣáínà, inú àmì yẹn sì ni ìtumọ̀ wà. Ọba Sejong ṣe Hangul, lẹ́tà ìkọ̀wé Kòríà, ní 1443, ó kéde rẹ̀ fún ará ìlú ní 1446, láti ìgbà náà ló ti rọrùn láti kọ ìró èdè wọn sílẹ̀. Ìró ni Hangul ń kọ, kì í kọ ìtumọ̀. Ẹni tó bá kọ “ola” láìfi àmì sí i, ṣé ọlá ló ní lọ́kàn ni àbí ọ̀la? Àmì ohùn ló ń bá wa yanjú tiwa. Tiwọn kò rí bẹ́ẹ̀: bákan náà ni ẹnu ń pè é, bákan náà ni Hangul ń kọ ọ́, àfi bí èèyàn bá rí Hanja rẹ̀ kó tó mọ èyí tí òbí ní lọ́kàn.

Ẹ mú Ji wò. 智 ni ọgbọ́n. 志 ni ohun tí ọkàn pinnu láti ṣe. 枝 jẹ́ ẹ̀ka igi, 池 jẹ́ adágún omi, 地 sì jẹ́ ilẹ̀. Ji ni gbogbo wọn. Min náà ń bẹ: 敏 ni ẹni tó já fáfá, 民 ni ará ìlú, 旻 ni ojú ọ̀run. Park Ji-sung tó gbá bọ́ọ̀lù fún Manchester United, 智星 ni wọ́n kọ tirẹ̀, ọgbọ́n àti ìràwọ̀. Jimin ti ẹgbẹ́ olórin BTS jẹ́ 智旻, ọgbọ́n àti ojú ọ̀run. Nínú orúkọ Song Joong-ki tí gbogbo olólùfẹ́ eré Kòríà mọ̀, 仲 ni ẹni tó ṣe ìkejì láàárín ọmọ ìyá, 基 sì ni ìpìlẹ̀. Han Kang tó gba ẹ̀bùn Nobel fún lítíréṣọ̀ ní 2024, sílébù kan péré ni orúkọ àbísọ rẹ̀, 江, odò ńlá.

Ìwé kan wà lórí káńtà ṣọ́ọ̀bù náà tí wọ́n to ìró àti ìtumọ̀ sí. Gbogbo Ji tó wà níbẹ̀, “ọgbọ́n” ni. Gbogbo Eun, “oore-ọ̀fẹ́” ni. Èyí tó burú jù lọ ni pé wọ́n kọ “ọ̀dọ́” síwájú Young, wọ́n sì kọ “oòrùn” síwájú Sun. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kà síbẹ̀ yẹn. Bí àwọn ará Kòríà ṣe ń fi lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kọ ìró kan ni Young, ìró náà sì lè jẹ́ 永, títí ayé. 英, ìtànná òdòdó. Tàbí 榮, ògo. Sun lè jẹ́ 善, ìwà rere, tàbí 宣, ìkéde. Kò sí ọ̀dọ́ tàbí oòrùn kankan níbẹ̀. Bákan náà, Jun àti Joon, Hyun àti Hyeon, Jung àti Jeong, ọ̀nà ìkọ̀wé ló yàtọ̀ níbẹ̀. Ìyàtọ̀ náà kò fi nǹkan kan kún ìtumọ̀, kò sì yọ nǹkan kan kúrò. Kí wọ́n yọ ìwé yẹn kúrò lórí káńtà.

Bí oníbàárà bá sì bèèrè Hanja, wọ́n á tẹ ìró náà sínú fóònù, wọ́n á mú èyí tí ojú bá kọ́kọ́ rí. Ibẹ̀ ni ewu wà. Lára káàdì Seo-yeon kan, 煙 ló wà ní ipò Yeon, èéfín ni. 姸, ẹwà, ni wọ́n ń wá. Ọpẹ́ ni pé wọ́n mú 瑞, oríire, fún Seo, nítorí 鼠, eku, náà ń jẹ́ Seo. Nínú àwọn tó ń jẹ́ Su, 秀 ni ẹni tó ta ẹgbẹ́ yọ, 壽 ni ẹ̀mí gígùn, ṣùgbọ́n 囚 ni ẹlẹ́wọ̀n. Ní Gúúsù Kòríà, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ló ń sọ àwọn àmì tí òbí lè fi forúkọ ọmọ sílẹ̀, àkójọ náà sì ti lé ní 9,000 láti ọdún 2024. Nínú ohun tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ń ṣà á láìmọ̀ yóò gbé èyí tí kò dára.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le. Bí ará Kòríà bá fẹ́ sọ irú àmì tó wà nínú orúkọ rẹ̀, ìtumọ̀ ló máa kọ́kọ́ dá, kó tó dá ìró: “ọgbọ́n Ji, ìràwọ̀ Seong”. Báyìí náà ni ìwé atúmọ̀ Hanja ti Naver, ilé-iṣẹ́ ìwákiri Kòríà, ṣe tò ó, ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ da àmì tí ṣọ́ọ̀bù fi ránṣẹ́ kọ, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ìwákiri rẹ̀. Yóò gbé ìtumọ̀, ìró àti iye ìlà tí wọ́n fi ń kọ ọ́ jáde. Bí ìró tó jáde kò bá bá èyí tó wà lórí káàdì mu, àṣìṣe wà. Àmì kan ṣoṣo lè ní ìró méjì o: 金 ń jẹ́ Kim bó bá jẹ́ orúkọ ìdílé, ó sì ń jẹ́ geum bó bá jẹ́ wúrà tàbí irin, ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe.

Ohun tí ṣọ́ọ̀bù yìí mọ̀ ọ́n ṣe jù ni èyí tí wọ́n ń gba ₦1,500 lé káàdì fún. Wọ́n á ní kí oníbàárà mú orúkọ tirẹ̀ wá pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀, wọ́n á wá fi ìtumọ̀ yẹn wá Hanja. Ìlọrin gan-an ni iṣẹ́ yìí bá mu, ìlú tí àáfáà ti ń sọ ìtumọ̀ orúkọ fún òbí kí wọ́n tó pe ọmọ lórúkọ. Hakeem, ọlọ́gbọ́n, wọ́n mú 賢 fún un, Hyeon, ọgbọ́n tó ní ìwà rere nínú. Nurudeen gba 光, Gwang, ìmọ́lẹ̀. Ìrètí gba 希, Hui, tí wọ́n sábà máa ń kọ ní Hee. Oore-ọ̀fẹ́ di Eun-hye, 恩惠, orúkọ tí àwọn obìnrin ń jẹ́ ní Kòríà lóòótọ́, pàápàá láàárín àwọn ọmọlẹ́yìn Kristi. Èyí tó dá yàtọ̀ nínú wọn ni Adébáyọ̀ tí wọ́n kọ ní 冠喜, adé àti ayọ̀. Ìtumọ̀ náà pé, ṣùgbọ́n Gwan-hui kò wọ́pọ̀ bí orúkọ ní Kòríà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó jẹ́ ọkàn orúkọ náà ló yẹ kí wọ́n mú, ìyẹn ayọ̀, kí wọ́n fi sílébù tó wọ́pọ̀ nínú orúkọ tì í lẹ́yìn: 俊喜, Jun-hui, ẹni tó ta yọ tó sì láyọ̀. Kí wọ́n sì kíyè sí ọkùnrin àti obìnrin. 姬 àti 姸 ní àmì obìnrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì wọn, wọn kò yẹ lára káàdì ọmọkùnrin, a sì rí 姬 lára ọ̀kan.

Káàdì ìbejì kan ni wọ́n ṣe tó wú wa lórí jù. Nínú ìdílé Kòríà tó ṣì ń tẹ̀lé àṣà, àwọn ọmọ ìran kan náà máa ń pín sílébù kan, dollimja ni wọ́n ń pè é. Àwọn agbo ilé mìíràn tiẹ̀ ń fi igi, iná, ilẹ̀, irin àti omi to ìran sí ìran: bí àmì bàbá bá ní igi nínú, ti ọmọ á ní iná, ti ọmọ ọmọ á ní ilẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù náà kọ Ji-seong fún Táíwò, ó kọ Ji-su fún Kẹ́hìndé, 智星 àti 智秀. Ẹnikẹ́ni tó bá lè ka Hanja ní Seoul, tó bá rí káàdì méjèèjì papọ̀, lè gbà pé ọmọ ìyá ni wọ́n.

Lórí orúkọ ìdílé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi Kim kún un. Gbogbo ènìyàn ni wọ́n ń fi í fún. Nínú ètò ìkànìyàn 2015, ẹni tó ń jẹ́ Kim ní Gúúsù Kòríà lé ní ẹnì kan nínú márùn-ún, ṣùgbọ́n orírun ni Kim ń tọ́ka sí, Kim ti Gimhae yàtọ̀ sí Kim ti Gyeongju. Ẹ ní kí wọ́n fi Hangul kọ orúkọ ìdílé yín bó ṣe ń dún, kí ó ṣíwájú.

Irú orúkọ kan wà tí kò ní Hanja rárá, òun sì ni a fẹ́ràn jù. Haneul ni ojú ọ̀run, Iseul ni ìrì, Byeol ni ìràwọ̀, Areum ni ẹwà, Sarang ni ìfẹ́, Bora sì ni àwọ̀ àlùkò. Ọ̀rọ̀ Kòríà pọ́ńbélé ni wọ́n, ẹni tó bá gbọ́ wọn ti gbọ́ ìtumọ̀ wọn, bí ìgbà tí a gbọ́ Ayọ̀ tàbí Ìfẹ́. Ṣọ́ọ̀bù náà wá Hanja méjì kan lẹ̀ mọ́ Haneul, wọ́n sì gbowó rẹ̀. Ojú ibẹ̀ ló yẹ kó ṣófo.

Kọ̀ǹpútà wọn náà nílò àtúnṣe. Ìkọ̀wé Ṣáínà òde òní, èyí tí wọ́n gé kúrú, ni wọ́n fi sí i, nítorí náà 賢 ń jáde bí 贤, 榮 bí 荣, 銀 bí 银. Gbogbo ìlà rẹ̀ ni ará Kòríà ń kọ. Font Noto Serif KR, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ni kí ẹ ní kí wọ́n fi tẹ tiyín. Wọ́n tún ń fi àwọ̀ pupa kọ orúkọ sára àwọn káàdì kan. Ní Kòríà, òkú ni wọ́n ń rántí bí wọ́n bá rí orúkọ tí wọ́n fi pupa kọ, wọn kì í fi kọ orúkọ alààyè. Òǹtẹ̀ nìkan ni pupa kò bà jẹ́. Dúdú tàbí búlúù ni kí ẹ mú fún káàdì.

Igi ọ̀gánwó ni wọ́n fi ń ṣe òǹtẹ̀, ẹ̀rọ laser ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ, igun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 15 mm. Wọ́n ń yí i padà bíi ti dígí kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ, wọ́n sì ń to àmì láti apá ọ̀tún, òkè sí ìsàlẹ̀, bó ṣe yẹ. Bí orúkọ bá jẹ́ àmì mẹ́ta, wọ́n ń fi 印, òǹtẹ̀, dí ojú kẹrin. Ìwọ̀n rẹ̀ ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Bí àmì mẹ́rin bá pín 15 mm, tí a yọ fírémù kúrò, ìwọ̀nba 6 mm ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. 永 ní ìlà 5, 秀 ní 7, 俊 ní 9, wọ́n máa ń mọ́ kedere. 賢 ní 15, ìlà rẹ̀ ti ń sún mọ́ra jù. 鎬 ní 18, ìlà rẹ̀ á pàdé, á di àbàwọ́n kan ṣoṣo. Ihò ara ọ̀gánwó fẹ̀, ìlà tó bá tín-ín-rín máa ń rún lórí rẹ̀. Igi jujube (daechu ní Kòríà) tó le koránkorán ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ òǹtẹ̀ Kòríà ń lò. Bí àmì yín bá ní ju ìlà 12 lọ, ẹ ní kí wọ́n ṣe é ní 20 mm, tàbí kí ẹ fi Hangul ṣe òǹtẹ̀ náà.

Tàdáwà tó wà nínú páàdì wọn ṣàn jù, irú ti òǹtẹ̀ ọ́fíìsì ni. Igi ń mu ún, ó ń wú, etí àmì á sì rú. Tàdáwà pupa tó ki bí òrí ni kí ẹ wá. Ẹ rọra fọwọ́ kan òǹtẹ̀ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ má ṣe rì í sínú rẹ̀. Ẹ tẹ́ bébà méjì tàbí mẹ́ta sábẹ́ ìwé, ẹ tẹ òǹtẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣinṣin láìfì í sọ́tùn-ún sósì, ẹ wá gbé e sókè tààrà. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó gbẹ ni kí ẹ fi nù ún, omi kò gbọdọ̀ kàn án.

Ife kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó mọ́ lójú, ẹ má fi kàn-ìn-kàn-ìn irin fọ̀ ọ́.

Ọjọ́ tí ẹ bá dé ibẹ̀ ni ẹ ó gba káàdì, òǹtẹ̀ ń gba ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí Ọ̀fà àti Òmù-Àrán nípasẹ̀ ọkọ̀ gáréèjì, oníbàárà ló ń san owó ọkọ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi àwòrán àmì náà ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, ní ńlá, kí ìtumọ̀ àti ìró àmì kọ̀ọ̀kan wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má sọ pé kí wọ́n gbẹ́ ẹ títí ẹ ó fi yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí wọn kì í dá owó òǹtẹ̀ tí wọ́n bá ti gbẹ́ padà.