Moongold àti Sungold: igi ápíríkọ́ọ̀tì tí òtútù ò rí pa

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé níbi tí yìnyín ti máa ń bo ilẹ̀ fún oṣù mélòó kan, tí ẹ sì fẹ́ igi eléso mìíràn yàtọ̀ sí ápù, ẹ gbọ́ tèmi lórí igi ápíríkọ́ọ̀tì méjì yìí, ìyẹn èso roboto aláwọ̀ ọsàn tó ní kóró kan nínú. Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà ló mú wọn jáde lọ́dún 1960, nítorí irú òtútù burúkú tó wà lọ́dọ̀ wọn. Méjèèjì lẹ máa rà o. Lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó Sungold ni Moongold fi ń so, ti Moongold ni Sungold náà fi ń so. Ẹni tó bá gbin ọ̀kan ṣoṣo á rí òdòdó wò, àmọ́ agbára káká ló fi máa rí èso jẹ.

Wọ́n kọ ọ́ sára àlẹ̀mọ́ igi náà pé ó lè fara da òtútù tó tó -34 dígírì Celsius. Òótọ́ ni. Nínú ọgbà mi, òtútù ò tíì gbẹ ẹ̀ka kankan lára wọn. Ohun tí wọn ò kọ ni pé igi ló ń fara dà á, òdòdó kọ́. Ápíríkọ́ọ̀tì kì í pẹ́ jí. Bí oòrùn bá ti ń móoru díẹ̀, kí ewé tó yọ rárá, òdòdó ti bo gbogbo ẹ̀ka. Òdòdó tó bá ti là á bẹ̀rẹ̀ sí í kú bí òtútù òru bá wọ -3, bó bá fi dé -6, ekukáká ni ọ̀kan á fi ṣẹ́ kù. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi rí èso ká láwọn ọdún kan, tí èso sì pọ̀ débi tí ẹ̀ka fẹ́rẹ̀ẹ́ ya láwọn ọdún mìíràn.

Nítorí náà, ojú ibi tí ẹ gbìn ín sí ṣe pàtàkì gan-an. Ẹ má gbìn ín sídìí ògiri tí oòrùn ń pa láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, torí ibẹ̀ ló ti máa tètè tanná. Ẹ wá ibi tí ilẹ̀ ti ń pẹ́ móoru. Ẹ má sì gbìn ín sí kòtò, atẹ́gùn tútù máa ń ṣàn lọ síbi tó rẹlẹ̀ bí omi. Orí ilẹ̀ tó ga díẹ̀ ló dáa, tómi ò ní máa dúró sídìí rẹ̀. Nígbà tí tèmi ṣì kéré, mo máa ń fi aṣọ bò wọ́n láti òkè délẹ̀ bí òru bá fẹ́ tutù. Oyin kì í sì fi bẹ́ẹ̀ jáde lásìkò tí wọ́n ń tanná, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni mo fi ń kó lẹ́búlẹ́bú láti ara igi kan sára èkejì.

Èso rẹ̀ ńkọ́? Áà, ó dùn! Ẹ má fi wé tọjà, tí wọ́n ká kó tó gbó torí àtirìnnà jíjìn. Moongold ló ń kọ́kọ́ pọ́n, Sungold á tẹ̀ lé e ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Sungold ni mo máa ń jẹ bẹ́ẹ̀, Moongold ni mo fi ń se jáàmù. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé gbogbo èso igi kan máa ń pọ́n pa pọ̀, kì í sì í pẹ́ bà jẹ́. Sísá lọ̀nà àbáyọ. Mo máa ń là á sí méjì, yọ kóró, fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á lára, kí n tó tò ó sínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ èso, ní nǹkan bí 57 dígírì, títí á fi ṣeé ká láìṣẹ́. Ó máa ń pọ́n dúdú. Èyí tó ń tàn yòò lọ́jà, imí ọjọ́ ni wọ́n fi tọ́jú àwọ̀ rẹ̀. Tèmi tó dúdú yẹn gan-an ni mo fẹ́ràn jù.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fọ́ kóró rẹ̀ jẹ. Ohun tó wà nínú ọmọ kóró náà máa ń di májèlé sáyánáìdì nínú ara.

Ṣé màá tún un rà? Màá rà á. Àmọ́ ẹni tó jẹ́ pé ilẹ̀ kòtò nìkan ló ní, ápù ni kó gbìn.