Ilẹ̀ Òfìfo Tàbí Ilé Àtijọ́: Ìfiwéra fún Ẹni Tí Ó Ń Ra Dúkìá Àkọ́kọ́ Rẹ̀ n'Íbàdàn

Ẹni tí ó bá tọ́jú owó díẹ̀ pamọ́ n'Íbàdàn, tí ó sì fẹ́ kí owó náà di dúkìá, nǹkan méjì ni àwọn ajẹ́ǹtì sábà máa ń mú un lọ wò. Ọ̀kan ni pulọ́ọ̀tì ilẹ̀ lẹ́yìn ìlú, ní apá Mọ́níyà, Ìdó, Ẹgbẹ́dá tàbí Àkàǹrán. Èkejì ni ilé àtijọ́ láàárín ìlú, ní Òkè-Àdó, Mọ́lété tàbí Òkè-Bọ́lá, tí ayálégbé ti ń gbé inú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Iye owó kan náà lè ra èyí tàbí èyí, pàápàá bí pulọ́ọ̀tì bá ju ẹyọ kan lọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ń fẹ́ ojú tí yóò máa ṣọ́ ọ, ilé ń fẹ́ ọwọ́ tí yóò máa tún un ṣe, ẹni tí kò bá sì mọ èyí tí òun ní nínú méjèèjì lè ra ohun tí ó dára kí ó sì di ẹrù sí i lọ́rùn. Èmi ti ra méjèèjì, mo sì kábàámọ̀ ọ̀kan, nítorí náà n kò ní ṣe bí ẹni pé wọ́n dọ́gba.

Ta ni ó ń tà á?

Púpọ̀ nínú ilẹ̀ tí wọ́n ń tà lẹ́yìn ìlú Ìbàdàn jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, mọ́gàjí sì ni olórí ẹbí nínú àṣà ìlú yìí. Ohun tí ilé ẹjọ́ ti fi múlẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé bí ọmọ ẹbí kan bá dá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni títà náà. Bí olórí ẹbí bá sì tà á láìsí àwọn àgbà tí ó ṣojú ìdí-igi kọ̀ọ̀kan (ìyẹn ẹ̀ka àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan nínú ẹbí), títà náà dúró, ṣùgbọ́n àwọn àgbà náà lè gba ilé ẹjọ́ lọ láti yí i dànù. Ìdí nìyí tí ìbuwọ́lùwé ẹnì kan ṣoṣo kò fi tó, bí ó ti wù kí ẹni náà níyì tó. Ẹ bèèrè iye ìdí-igi tí ó wà nínú ẹbí náà, kí ẹ bèèrè ọ̀rọ̀ kan náà lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò, kí ẹ sì rí i pé ẹnì kan láti inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fọwọ́ sí ìwé lójú lọ́yà tiyín, kì í ṣe lọ́yà tí ajẹ́ǹtì bá yín pè.

Àwọn kan rò pé ilé àtijọ́ bọ́ lọ́wọ́ wàhálà yìí. Kò bọ́. Bí ẹni tí ó kọ́ ilé bá ti kú láìṣe ìwé ìhágún, ilé náà ti di ti gbogbo ọmọ rẹ̀ lápapọ̀ lábẹ́ àṣà Yorùbá, àti ọkùnrin àti obìnrin, àti ẹni tí ó wà nílé àti ẹni tí ó wà lókè òkun. Dáwódù ni ó ń ṣe olórí wọn, ṣùgbọ́n kò láṣẹ láti dá a tà. N'Íbàdàn, níbi tí ìdí-igi mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti lè jọ jogún ilé kan, ẹni tí ó ń rà gbọ́dọ̀ rí ìwé tí ilé ẹjọ́ fi yan àwọn alábòójútó ogún, kí ó sì bá àwọn tí ó wà lẹ́yìn odi sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ lórí fóònù, níbi tí yóò ti rí ojú wọn. Gbólóhùn pé “ẹ̀gbọ́n wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ti gbọ́ sí i” kò tó ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ san kọ́bọ̀. Lórí ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ń tà, ilé àtijọ́ ni mo gbà pé ó le jù, àyàfi bí ẹni tí ó kọ́ ọ bá ṣì wà láàyè tí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé.

Ìwé, àti ìjọba tí ó lè gba ilẹ̀

Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀ fún sáà kan ni ènìyàn ń rà, sáà náà sì sábà máa ń jẹ́ ọdún 99 lórí C of O, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi ń jẹ́rìí sí ẹ̀tọ́ náà. Bí dúkìá bá ti ní C of O tẹ́lẹ̀, ìyọ̀ǹda gómìnà ni òfin náà ń béèrè fún kí ó tó lè ti ọwọ́ ẹni kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ilé àtijọ́ púpọ̀ kò ní ju rìsíìtì tí ó ti gbó àti àwòrán ilẹ̀ kan lọ. Bódìjà yàtọ̀, nítorí ilé-iṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà tí ó ń mójú tó ilé gbígbé ni ó dá àdúgbò náà sílẹ̀ ní ìparí ẹ̀wádún 1950, ìtàn ìwé ibẹ̀ sì rọrùn láti tọ̀ dé ìdí, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe owó olùbẹ̀rẹ̀.

Yálà ilẹ̀ ni tàbí ilé, kí awọnlẹ̀ tí ẹ fọkàn tán mú àwòrán ilẹ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì Awọnlẹ̀ Àgbà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, kí wọ́n fi nọ́ńbà igun ilẹ̀ náà wé máàpù ìjọba. Níbẹ̀ ni wọn yóò ti mọ̀ bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé e. Kí lọ́yà sì yẹ ìwé wò ní ilé-iṣẹ́ tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní Sẹkitéríàtì, Agodi.

Ibí yìí ni ìyàtọ̀ tí ó tóbi jù wà láàárín ilẹ̀ òfìfo àti ilé, àwọn tí ó ń ta ilẹ̀ kì í sì í mẹ́nu bà á. Bí ìjọba bá nílò ilẹ̀ fún ọ̀nà tàbí iṣẹ́ ìlú mìíràn, òfin ọdún 1978 yẹn gba gómìnà láyè láti fagi lé ẹ̀tọ́ ẹni tí ó wà lórí rẹ̀. Owó gbà-máà-bínú tí òfin náà là sílẹ̀ fún ilẹ̀ gan-an kò ju iye owó ilẹ̀ tí onítọ̀hún san fún ìjọba ní ọdún yẹn lọ. Ti ilé ni pé wọn yóò ṣírò ohun tí yóò ná ènìyàn láti tún irú rẹ̀ kọ́, wọn yóò sì yọ iye tí ilé náà ti gbó kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tí ó fi mílíọ̀nù ra pulọ́ọ̀tì tí koríko nìkan wà lórí rẹ̀ lè má rí ohun tí yóò fi sanwó ọkọ̀ dé ọ́fíìsì náà. Ẹ rántí pé ohun tí ó ń sọ ilẹ̀ di ọ̀wọ́n ni ó tún ń mú ìjọba wá síbẹ̀. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò dé Mọ́níyà ní ọdún 2021, àti láti ìgbà tí wọ́n ti ń la ọ̀nà tí yóò yí ìlú ká, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń sáré ra ilẹ̀ lẹ́bàá wọn. Mi ò ní kí ẹ má rà níbẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ má ṣe san ìdajì owó pàápàá kí èsì àyẹ̀wò ọ́fíìsì Awọnlẹ̀ Àgbà tó dé.

Omi

Pulọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ tí mo rà wà ní apá Ẹgbẹ́dá. Oṣù Kìíní ni wọ́n mú mi lọ wò ó, ọyẹ́ ń fẹ́, ilẹ̀ ti gbẹ débi pé ó là sí wẹ́wẹ́ lábẹ́ bàtà mi. Lára ògiri ẹni tí ó ti kọ́lé sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, mo rí ìlà pupa rúsúrúsú kan ní ìwọ̀n orúnkún mi, ó gún bí ẹni pé bíríkìlà fi okùn fà á. Mo fojú sí i, mo sì pè é ní eruku. Ní oṣù Kẹfà tí mo mú bíríkìlà lọ láti fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, omi ti kan kókósẹ̀ wa kí a tó rí òpó ilẹ̀ kejì tí awọnlẹ̀ fi sàmì sí igun ilẹ̀ náà, àkèré ń ké, igi tí bíríkìlà fi tẹ ilẹ̀ wò sì rì dé ìdajì láìfi agbára sí i. Owó tí ó ní yóò bá ìpìlẹ̀ lọ ju owó tí mo fi ra ilẹ̀ náà lọ. Ọdún méjì ni mo fi wá ẹni tí yóò rà á, mo sọ òtítọ́ ibẹ̀ fún un, mo sì gba owó tí ó dín sí èyí tí mo san. Ẹja ni ó ń sìn níbẹ̀ báyìí.

Ìlú tí Ògùnpa, Kúdẹtì àti odò Ọ̀nà ń ṣàn kọjá nínú rẹ̀ kò yẹ kí ó ṣàjèjì sí irú nǹkan yìí. Omíyalé ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980 àti àgbàrá ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011 gbé ènìyàn lọ, wọ́n sì wó ilé. Nínú ọ̀ràn omi, ilé àtijọ́ dára ju ilẹ̀ lọ fún olùbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ilé ní ẹlẹ́rìí. Ẹ bá ayálégbé tí ó pẹ́ jù níbẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tí ajẹ́ǹtì kò sí nítòsí, kí ẹ ní kí ó fi ibi tí omi dé ní ọdún 2011 hàn yín. Ní ti ilẹ̀ òfìfo, oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án ni kí ẹ lọ wò ó, ọjọ́ kejì òjò ńlá ni ó sì dára jù.

Owó tí ń wọlé àti èyí tí ń jáde

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ká ní ilé oníyàrá 8 kan jẹ́ mílíọ̀nù 20 náírà, tí yàrá kọ̀ọ̀kan sì ń mú 100,000 náírà wọlé lọ́dún. 800,000 náírà ni gbogbo rẹ̀, ìyẹn náírà 4 lórí 100 náírà tí ẹ ná. Bí yàrá kan bá ṣófo lọ́dún yẹn, tí àtúnṣe páànù sì jẹ 150,000 náírà, ohun tí ó kù ni 550,000 náírà, kò sì pé náírà 3 lórí 100. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ra ilé àtijọ́ nítorí owó ilé nìkan ti ṣìrò. Ilẹ̀ tí ilé náà jókòó lé, láàárín ìlú, lẹ́bàá títì, ni ohun tí ó ń rà gan-an, owó ilé kàn ń ràn án lọ́wọ́ bí ó ti ń dúró ni. Kí ẹ tó dá iye lé e, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ kan ògiri ní ibi púpọ̀. Ní ilé kan tí mo lọ wò ní Òkè-Àdó, sìmẹ́ǹtì òde ń dún kokoko bí àpótí òfìfo, nígbà tí apá kan rẹ̀ sì ṣí, amọ̀ pupa tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ń dà sílẹ̀ bí èlùbọ́. Irú ilé bẹ́ẹ̀, owó ilẹ̀ ni kí ẹ san fún un.

Ayálégbé pẹ̀lú ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Ẹni tí ó ń san owó ọdọọdún kò ṣeé lé jáde lọ́sẹ̀ kan. Bí àdéhùn kò bá sọ ohun mìíràn, ìwé ìfilọ̀ oṣù mẹ́fà pé kí ó kúrò ni ó tọ́ sí i. Onílé tuntun sì gbọ́dọ̀ mọ ohun tí wọ́n ń kó pamọ́ sínú ilé rẹ̀. Ìbúgbàmù tí ó ṣẹlẹ̀ ní Bódìjà ní ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 2024, èyí tí ìjọba sọ pé ohun abúgbàmù tí wọ́n tọ́jú sínú ilé ni ó fà á, ti sọ èyí di ọ̀ràn ẹ̀mí.

Ilẹ̀ òfìfo kì í mú kọ́bọ̀ wọlé, ó sì ń gba owó: igbó ṣíṣán, fẹ́ǹsì, ẹni tí yóò máa bẹ̀ ẹ́ wò, lẹ́yìn náà ni owó ìpìlẹ̀, owó dẹ́kíìnì àti owó òrùlé tí ọmọ onílẹ̀ máa ń béèrè bí ilé bá ti ń ga sókè. Ẹ jẹ́ kí àwọn owó wọ̀nyí wọ inú ìwé àdéhùn lọ́jọ́ ìrajà.

Ẹ tún bèèrè ìwọ̀n. Ibìkan máa ń pe 50 ẹsẹ̀ bàtà sí 100 ní pulọ́ọ̀tì kan, ibòmíràn 60 sí 120, ìyàtọ̀ wọn sì ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá lọ. Ní ti àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó ń ta ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún oṣù 12 tàbí 24, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní: ṣé wọ́n ti san ẹbí tán? Bí wọn kò bá lè fi ìwé tí ẹbí fi tà á fún wọn hàn, ẹ máa lọ.

Èwo ni kí ẹ rà?

Ẹni tí ó ń gbé Ìbàdàn, tí ó lè dé ibẹ̀ lóṣooṣù, tí ó sì nílò kí nǹkan díẹ̀ máa wọlé, ilé àtijọ́ tí ìwé ogún rẹ̀ pé ni kí ó rà. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó tàbí òkè òkun, bí kò bá ní ìbátan tí yóò máa ṣọ́ ilẹ̀ fún un, kí ó má ṣe ra ilẹ̀ òfìfo rárá, bí ó ti wù kí ó pọ́ọ́kú tó. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ ra ilẹ̀, kí ó ti ya owó fẹ́ǹsì sọ́tọ̀ kí ó tó san owó ilẹ̀.

Lọ́jọ́ ìsanwó, báǹkì ni kí owó gbà, kí rìsíìtì àti ìwé títà sì jáde lọ́jọ́ kan náà. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀, kí awọnlẹ̀ ri òpó mọ́lẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, kí ẹ sì pe àwọn tí ó ni ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ wá wò ó. Bí ó bá jẹ́ ilé, kí ẹni tí ó tà á pe gbogbo ayálégbé jọ sí ọ̀ọ̀dẹ̀, kí ó sọ lójú yín pé ẹ̀yin ni kí wọ́n máa san owó ilé fún, kí ó sì ka orúkọ àwọn tí ó ti san sílẹ̀ àti oṣù tí owó ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò tán.