Èhù tó ń yọ lára gbòǹgbò igi tí a ti gé: ẹ̀rọ, àdá tàbí oògùn?

Ẹ gé igi, ẹ kó o dànù, oṣù kan kò pé, èhù ti ń yọ láàárín koríko, àwọn mìíràn tilẹ̀ jìnnà sí ibi tí igi wà. Gbòǹgbò kò tíì kú ni. Oúnjẹ tí ewé ti kó pa mọ́ sínú rẹ̀ látọdúnmọ́dún ló ń ná. Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá ó máa dé ọ̀dọ̀ gbòǹgbò yẹn.

Ẹ̀rọ tí ń lọ kùkùté ló máa ń kọ́kọ́ wọni lójú, òun ló sì gbówó lórí jù. Mo yá ọ̀kan rí. Ilẹ̀ tẹ́jú, ọkàn mi balẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, èhù wẹ́wẹ́ ti yọ yí òkìtì èérún igi ká. Ẹ̀rọ náà kì í sábà wọlẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 15 sí 30 lọ, kò sì kan gbòǹgbò tó nà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí kùkùté nìkan ló ń rú, ó wúlò. Bí ó bá jẹ́ igi bíi poplar tàbí Ailanthus, tí gbòǹgbò rẹ̀ ń hù níbi tó jìnnà, owó yín wọgbó.

Àdá kò náni ní nǹkan kan, àmọ́ ó gba sùúrù. Ẹ máa gé èhù léraléra kí ewé rẹ̀ tó tẹ́, ó sì lè tó ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Ẹni tó gé e lónìí tó gbàgbé rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, ńṣe ló kàn ń rẹ́wọ́ rẹ̀ kó lè túbọ̀ pọ̀. Èyí tó bá ṣì rọ̀, ẹ wa erùpẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kí ẹ fà á ya kúrò lára gbòǹgbò.

Oògùn koríko ni èmi fara mọ́. Glyphosate àti triclopyr, àwọn méjèèjì ń gba ara igi wọ gbòǹgbò lọ. Ṣùgbọ́n glyphosate kì í mojú: koríko ni o, òdòdó ni o, èyí tó bá kàn ló ń pa. Triclopyr kì í pa ọ̀pọ̀ jù lọ koríko, nítorí náà òun ni kí ẹ rà bí èhù bá wà láàárín pápá koríko. Ẹ ka ara ìgò, kí ẹ rí i pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó wà fún kùkùté. Èyí tí wọ́n ti pò sínú ìgò afúnmi, omi ló sábà máa ń pọ̀ nínú rẹ̀. Ògidì tí wọn kò tíì bomi là ló yẹ kùkùté.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí ẹ fi burọ́ọ̀ṣì kùn ún láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ẹ gé kùkùté, ní òrùka tútù tó wà lábẹ́ èèpo. Àárín igi ti kú tipẹ́, ẹ má fi oògùn ṣòfò síbẹ̀. Bí kùkùté bá ti gbẹ, ẹ tún bẹ́ pẹlẹbẹ kan lórí rẹ̀. Ní ti èhù, ẹ jẹ́ kí ewé rẹ̀ tẹ́ dáadáa kí ẹ tó kùn ún. Ewé ni ẹnu tó máa gbé oògùn mì.

Lúbúlúbú potassium nitrate tí wọ́n ń tà fún kùkùté, jíjẹrà igi ló ń mú yá. Kò pa gbòǹgbò tó wà láàyè. Iyọ̀ ńkọ́? Á ba ilẹ̀ jẹ́.

Ibì kan wà tí mi ò ní fọwọ́ kan oògùn: bí irú igi kan náà bá dúró nítòsí. Gbòǹgbò wọn lè ti so pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀, ohun tí ẹ bá fi fún kùkùté á sì dé ọ̀dọ̀ alààyè. Níbẹ̀, àdá ni.