Àgbéyẹ̀wò éjẹ́ǹtì tí ó bá wa wá ilé ní Ìbàdàn, àti àdúgbò tí a rà sí

Nǹkan méjì ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín: iléeṣẹ́ éjẹ́ǹtì tí ó bá wa wá ilé rà ní Ìbàdàn, tí n kò ní dárúkọ, àti àdúgbò Akóbọ̀ tí a padà rà sí. N kò ní tún ìpolówó wọn kà fún yín, nítorí pé kò sí éjẹ́ǹtì tí kì í sọ pé iléeṣẹ́ òun kò lẹ́gbẹ́. Ohun tí ó mú mi kọ̀wé ni sọ́kẹ́ẹ̀tì iná tí wọ́n gbé mọ́ ògiri pálọ̀ ilé kan, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá mi dọ́gba léjìká.

Ilé oníyàrá mẹ́rin tí kò ní òkè ni a ń wá, nítorí pé ìyá ọkọ mi ń gbé lọ́dọ̀ wa, eékún rẹ̀ kò sì gba àtẹ̀gùn mọ́. Ilé ìwòsàn UCH ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, Bódìjà sì ni ilé ìwé àwọn ọmọ wà. Bódìjà fúnra rẹ̀, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ ti dá sílẹ̀ kí a tó gba òmìnira, ti kọjá agbára wa. Ẹni tí ó bá ti béèrè iye ilé níbẹ̀ lẹ́nu lọ́ọ́lọ́ọ́ yìí kò ní bi mí léèrè ìdí. Éjẹ́ǹtì náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ara rẹ̀ yá mọ́ ènìyàn, sọ fún wa lórí fóònù pé òun ní ilé kan lápá Eléyẹlé tí ó bá owó wa mu, tí C of O rẹ̀, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba, pé, tí wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ní ọ̀dà. Ó gba 10,000 náírà owó àyẹ̀wò, ó sì fún wa ní rìsíìtì.

Inú ẹ̀ẹ̀rùn ni a lọ, ilẹ̀ gbẹ táútáú. Ilé náà rẹwà, n kò ní purọ́. Àgbàlá rẹ̀ fẹ̀, igi máńgòrò méjì wà lẹ́yìn, òórùn ọ̀dà tuntun sì gba gbogbo inú ilé. Ọkọ mi ti ń sọ ibi tí a máa gbé jẹnẹrétọ̀ sí. Ìyá ọkọ mi dúró láàárín pálọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó ń wo ògiri, kò sọ nǹkan kan títí ó fi fi ọwọ́ kan sọ́kẹ́ẹ̀tì náà.

“Ọmọ mi, kí ló dé tí èyí fi ga báyìí?”

“Màmá, nítorí àwọn ọmọdé ni, kí wọ́n má baà máa ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.”

Màmá kò dá a lóhùn. Ó wọ yàrá kìíní, ó wọ èkejì, gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ ga bákan náà. Nígbà tí ó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀ ògiri. Lábẹ́ ọ̀dà tuntun yẹn, ní nǹkan bí ẹsẹ̀ kan sókè ilẹ̀, mo rí ojú ibi onígun mẹ́rin kan tí ó yọ díẹ̀ sí ògiri. Mo fi èékánná họ ọ́, ọ̀dà ṣí, símẹ́ńtì tí wọ́n fi dí ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sì hàn gedegbe. A rí irú rẹ̀ nínú yàrá kọ̀ọ̀kan. Ìdí ilẹ̀kùn onípákó tí ó wọ ilé ìdáná ti wú, ó sì ń ha ilẹ̀ bí a bá ń ṣí i. Ìyá ọkọ mi ń ta aṣọ ní Dùgbẹ̀ nígbà tí odò Ògùnpa ya ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980. Ó mọ bí ilé ṣe máa ń rí lẹ́yìn tí omi bá ti kúrò níbẹ̀.

Mo jáde lọ bá obìnrin tí ń ta mínírà lódì kejì títì. Fìrísà rẹ̀ wà lórí búlọ́ọ̀kù tí wọ́n tò léra, ìgò ni ó sì fi kún gbogbo abẹ́ rẹ̀. Mo kí i, mo béèrè bóyá omi máa ń wọ ibẹ̀. Ó wo éjẹ́ǹtì tí ó dúró lẹ́nu géètì, ó wò mí, ó ní, “Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí òjò dé ná.”

Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ yìí ṣòro mọ̀ fún ẹni tí ó ń ta ilé lápá ibẹ̀. Odò Ọnà ni wọ́n dí ní ọdún 1942 láti ṣe ìdídò Eléyẹlé, odò yẹn kan náà ni ó sì kún àkúnya ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, tí afárá Àpẹ̀tẹ́ fi wó, tí ẹ̀mí tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún sì lọ káàkiri Ìbàdàn. Báǹkì Àgbáyé yá ìjọba ní owó lẹ́yìn èyí láti gbẹ́ ojú omi, kí wọ́n sì tún àwọn afárá kọ́. N kò sọ pé gbogbo Eléyẹlé ni omi ń wọ̀. Àwọn tí ilé wọn wà lókè níbẹ̀ ń gbé ní àlàáfíà. Ẹ̀hónú mi ni pé ẹni tí ó gba owó láti fi ilé hàn mí fẹ́ fi ọmọdé bo omi mọ́lẹ̀.

A kọrí sí ọ́fíìsì wọn lójú ẹsẹ̀. Ọmọbìnrin tí ó wà níwájú ní ọ̀gá wà nínú ìpàdé, ìpàdé náà sì ni bọ́ọ̀lù tí a ń gbọ́ ariwo rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n láti inú yàrá kejì. Ìyá ọkọ mi jókòó sórí àga oníke, kò fẹ́ omi, kò fẹ́ mínírà. Nígbà tí ọ̀gá jáde, ó kí màmá dáadáa, ó dọ̀bálẹ̀ pàápàá, ṣùgbọ́n ó ní owó àyẹ̀wò kì í padà, pé ó wà lára rìsíìtì. Lóòótọ́ ni, wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ ní lẹ́tà tí ó kéré ju irúgbìn ẹ̀fọ́ lọ. Ó tún ní ilé náà kì í ṣe tiwọn, pé éjẹ́ǹtì kan ni ó gbé e wá, tí òun náà gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tí ẹni yẹn sì gbà á lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ onílé. Mo béèrè pé ta ni nínú gbogbo wọn ni mo máa mú bí òjò bá dé. Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni n kò tíì dárí rẹ̀ jì.

Níbi tí a ti ń wọ ọkọ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti sáré jáde bá wa. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ má bínú. Wọ́n ní kí n má sọ ni.” A kò tíì dé Mọ́kọ́lá tí àláàtì 10,000 náírà fi wọlé, láti inú àkáǹtì tirẹ̀ gan-an. Ọkọ mi ní kí n má pè é mọ́. Mo pè é.

Ohun tí ó ṣe lẹ́yìn èyí kò jọ ti éjẹ́ǹtì kankan tí mo mọ̀. Nígbà tí ó rí ilé tí a padà rà ní Akóbọ̀, lẹ́yìn Òjúrin, kò mú wa lọ lọ́jọ́ tí oòrùn ràn. Òjò rọ̀ mọ́jú lọ́jọ́ kan ní oṣù kẹfà, ó pè mí ní ìdájí pé òjò kò tíì dá, kí a máa bọ̀ wá wo ilẹ̀. A bá omi nínú gọ́tà, ó ń lọ, kò dúró. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ni ìyá ọkọ mi kọ́kọ́ wò, kí ó tó wo òrùlé.

Onílé fẹ́ kí a san àsansílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ní ẹlòmíràn ń bọ̀ wá san. Éjẹ́ǹtì yìí ni ó fà mí sẹ́yìn pé kí n má san kọ́bọ̀ títí wọnlẹ̀wọnlẹ̀ yóò fi mú nọ́ńbà inú sọ́fè, ìyẹn ìwé àwòrán ilẹ̀ náà, lọ sí Sẹkitéríàtì ní Àgọ́dì, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú èyí tí ìjọba ti gbà. Ó bá wọnlẹ̀wọnlẹ̀ lọ, ó sì fi fọ́tò ìwé ìjọba tí ó jáde ránṣẹ́ sí mi kí ó tó fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀. Lọ́yà wa náà yẹ C of O wò, ó sì ṣàlàyé fún wa pé lábẹ́ Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978, gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó di tiwa ní kíkún, owó ìyẹn sì yàtọ̀ sí owó ilé. Iléeṣẹ́ náà kò mẹ́nu kan èyí rí. Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé ni wọ́n kọ́kọ́ dá lé wa fún iṣẹ́ tiwọn. Nígbà tí a fẹ́ san, ọ̀gá yìí fi “owó ìwé” kún un, kò sì lè sọ ìwé tí ó jẹ́. A kò san án.

Ní ti Akóbọ̀ fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣe kíá. Súnkẹrẹ fàkẹrẹ ọkọ̀ ní àdúgbò General Gas láàárọ̀ ń da ènìyàn láàmú. Àwọn ọmọ mi ń jẹun àárọ̀ nínú ọkọ̀. Iná wa kò sí nínú ìsọ̀rí Band A, tí ó yẹ kí ó máa ní iná fún wákàtí 20 lóòjọ́, tí owó rẹ̀ sì fò sókè dé 225 náírà lórí wákàtí kílówáàtì kan ní oṣù kẹrin ọdún 2024, nítorí náà owó wa kéré, òkùnkùn wa sì pọ̀. Kànga máa ń fà nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹgbẹ́ onílé gba owó ìdàgbàsókè lọ́wọ́ wa kí a tó tú ẹrù tán, wọ́n sì ń ti géètì àdúgbò ní aago mọ́kànlá alẹ́, èyí tí kò bá iṣẹ́ alẹ́ ọkọ mi mu títí a fi lọ bẹ alága. Ṣùgbọ́n alága yẹn kan náà ni ó fún ọkọ mi ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, àwọn ìyàwó ilé tí ó kángun sí wa sì máa ń yà kí màmá lórí fàráńdà, tí ó fi jẹ́ pé kò sọ̀rọ̀ Mọ́kọ́lá tí a ti kó wá mọ́. N kò fẹ́ kó lọ sí ibòmíràn ní Ìbàdàn.

Akóbọ̀: 3 nínú 5, nítorí General Gas. Ọ̀gá ọ́fíìsì: òdo. Éjẹ́ǹtì: 4 nínú 5, mo sì ti fi nọ́ńbà rẹ̀ fún àbúrò mi. Ìyá ọkọ mi ka èyí kí n tó fi síta, ó ní òun kò ní fún un ju 2 lọ, nítorí pé ó mọ̀ nípa omi yẹn kí ó tó mú wa débẹ̀.