Àgbéyẹ̀wò ilé-ìwé aládàáni kékeré kan létí òkun: ibi tó dára sí àti ibi tó ti mẹ́hẹ

Ilé-ìwé tí mo fẹ́ yẹ̀ wò yìí, àárọ̀ lọmọ ń lọ, ọ̀sán ló ń padà sílé. Kò sí ọmọ tó ń sùn níbẹ̀. Aládàáni ló ni ín. Àwọn ọmọ ibẹ̀ kò tó 100, láti jẹ́lé-ó-sinmi dé ìparí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú girama kékeré tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún un. Òkun sún mọ́ ọgbà rẹ̀ débi pé bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ wá láti orí omi, ètè yín á máa dùn ní iyọ̀. Kíkéré tó kéré àti òkun tó wà nítòsí rẹ̀, inú nǹkan méjèèjì yìí ni dáadáa rẹ̀ àti àìdáa rẹ̀ ti ń wá.

Kíláàsì kan kì í ju ọmọ 14 lọ. Kí iye yìí tó dùn mọ́ yín nínú, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe pín in. Níhìn-ín, ìpele méjì ló ń jókòó sínú yàrá kan. Olùkọ́ á kọ́ àwọn kan ní ìṣirò fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, á fún wọn ní iṣẹ́ tí wọn ó máa ṣe, á wá kọjú sí àwọn yòókù. Bí olùkọ́ bá mọ̀ ọ́n ṣe, etí àwọn kékeré á ti mọ ẹ̀kọ́ ọdún tó ń bọ̀ kó tó dé, àwọn àgbà á sì máa tún ti ọdún tó kọjá rántí. Bí kò bá mọ̀ ọ́n ṣe, ìdajì á máa kẹ́kọ̀ọ́, ìdajì á máa ya àwòrán. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé iṣẹ́ ọmọ méjì hàn yín, ọ̀kan láti ìpele kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ṣí i sí ọjọ́ kan náà. Bí iṣẹ́ inú méjèèjì bá jẹ́ ọ̀kan, ìpele méjì kò sí níbẹ̀, orúkọ lásán ni.

Ìwé kíkà ni wọ́n ti ta yọ jù. Gbogbo ọmọ ló ń kàwé sókè fún olùkọ́ lójoojúmọ́. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ọmọ 14 ní ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta, ìṣẹ́jú 42 ni, nínú kíláàsì ọlọ́mọ 40, wákàtí méjì gbáko ni yóò gbà, kò sì sí ilé-ìwé tó ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rò pé owó tí ẹ ń san wúlò fún jù nìyí.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan ló ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì, ẹnì kan ló ń kọ́ni ní orin. Ọjọ́ tí olùkọ́ orin fiṣẹ́ sílẹ̀, orin parí títí sáà ẹ̀kọ́ náà fi tán. Bí olùkọ́ kan kò bá wá, ọ̀gá ilé-ìwé fúnra rẹ̀ ló ń wọ kíláàsì. Ó dára fún àwọn ọmọ, àmọ́ ọ́fíìsì á ṣófo, kò sẹ́ni tí yóò gbé fóònù. Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ náà tún wà níbẹ̀. Níbi tí ọmọ mẹ́fà péré ti jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn, bí méjì bá jà, kò sí kíláàsì mìíràn tí wọ́n lè gbé ọ̀kan lọ.

Ilé náà wá ńkọ́? Lítà omi òkun kan ní nǹkan bíi gíráàmù iyọ̀ 35 nínú. Ìgbì tó bá fọ́ létí ilẹ̀ á ta á sínú afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ á gbé e wọ ọgbà, bó bá sì bà lé irin, á máa fa ọ̀rinrin mọ́ra, irin náà kò ní í gbẹ. Nítorí náà, ẹ wo hínjì ilẹ̀kùn àti ti fèrèsé kí ẹ tó wo àwòrán tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Irin tí wọ́n ní kì í dógùn-ún pàápàá ní oríṣi: èyí tí wọ́n ń pè ní 304 máa ń yọ àmì pupa létí òkun, 316 ló ń pẹ́, nítorí èròjà kan tí wọ́n ń pè ní molybdenum tó wà nínú rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ti pààrọ̀ hínjì fèrèsé sí 316, wọ́n sì fi páànù alumíníọ̀mù bolé, àmọ́ ìṣó irin lásán ni wọ́n fi kàn án. Bí irin bá fara kan alumíníọ̀mù nínú ọ̀rinrin oníyọ̀, ó máa ń mú kí alumíníọ̀mù ibẹ̀ jẹrà kíákíá. Ìdí ìṣó wọ̀nyẹn ni òjò ń gbà jò sínú kíláàsì tó wà ní ìkángun. Ẹni tó ra páànù náwó. Ẹni tó ra ìṣó ṣahun.

Ẹ má fojú fo àwọn òpó. Iyọ̀ máa ń wọ inú kọnkéré títí dé ibi tí irin wà; irin tó bá dógùn-ún á wú, á sì máa ti kọnkéré jáde. Bí ẹ bá rí ìlà tó là láti òkè òpó dé ìsàlẹ̀, tí omi pupa rúsúrúsú ń ṣàn lára rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ọ̀dà. Òpó méjì ló rí bẹ́ẹ̀ níbí. Wọ́n kùn wọ́n, ìlà náà tún yọ. Ohun tó yẹ ni kí wọ́n gbẹ́ kọnkéré tó ti tú dànù títí dé ẹ̀yìn irin, kí wọ́n ha irin náà mọ́ tónítóní, kí wọ́n tó rẹ́ ẹ padà. Ó tó ohun tí àwọn òbí ń para pọ̀ kọ lẹ́tà lé lórí.

Wọ́n gbìyànjú lórí ìwé: pẹpẹ ìwé kò fara kan ògiri ìta, fáànù sì ń fẹ́ sí i, nítorí bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ti kọjá ìdá 65 nínú 100, ìwé á bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Wọn kò tọ́jú yàrá kọ̀ǹpútà tó bẹ́ẹ̀. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òkun, wọn kì í sì í tì í.

Ẹ̀kọ́ etíkun ni mo fẹ́ràn jù. Ní ọ̀pọ̀ etíkun, bí omi bá kún, ó tó wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25 kó tó tún kún, èyí ló fi ń pẹ́ sí i ní nǹkan bí 50 ìṣẹ́jú lójoojúmọ́. Ilé-ìwé tó bá kọ "Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá" sínú ètò rẹ̀ fún gbogbo ọ̀sẹ̀ kò mọ òkun: bí omi bá fà ní Ọjọ́bọ̀ yìí, ní aago kan náà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ yóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Àwọn wọ̀nyí ń fi àkókò omi mú ọjọ́. Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ ní wákàtí méjì kí omi tó fà tán, wọ́n sì ń kúrò bó bá ti ń yí padà. Àgbàlagbà kan ń tọ́jú ọmọ mẹ́fà. Wọ́n ń ka àwọn ọmọ lẹ́nu géètì, lórí iyanrìn, àti kí wọ́n tó padà. Àwọn ọmọ ń kọ ibi tí omi dé sílẹ̀, wọ́n sì ń fi ya gíráàfù.

Èyí tí kò tẹ́ mi lọ́rùn ni pé wọn kò kọ́ ọmọ ní bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Wọ́n ń sọ fún wọn ní àpéjọ àárọ̀ pé bí omi bá ń fà wọ́n lọ sójú òkun, kí wọ́n má bá a jà, kí wọ́n léfòó, kí wọ́n na ọwọ́ sókè, kí ẹni tó bá lè lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ etíkun lọ títí yóò fi bọ́ lọ́wọ́ omi náà. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò léfòó rí nínú omi tó pa rọ́rọ́ kò ní í ṣe é nínú ìgbì.

Girama wọn kò tíì tó ohun tí mo lè ní kí ẹnikẹ́ni mú ọmọ lọ. Tábìlì kan ni yàrá sáyẹ́ǹsì ní, olùkọ́ ló sì ń ṣe gbogbo ìdánwò nígbà tí àwọn ọmọ ń wòran.

Aago méjì ni wọ́n ń jáde. Ẹni tí kò bá lè tètè dé lè fi ọmọ sílẹ̀ di aago mẹ́rin ààbọ̀, owó rẹ̀ yàtọ̀. Bí òjò ńlá bá pàdé òṣùpá àrànmọ́jú tàbí ìgbà tí oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, omi òkun máa ń kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ojú ọ̀nà á sì di odò. Wọ́n ń tètè ránṣẹ́, mo gbóríyìn fún wọn níbẹ̀.

Owó tí wọ́n kọ síwájú kó ìwé àti ẹ̀kọ́ etíkun mọ́ra. Kò kó aṣọ ilé-ìwé, bọ́ọ̀sì, owó ìdánwò àṣekágbá àti owó ìdúró, èyí tí wọn ó dá padà nígbà tí ọmọ bá kúrò. Bí ẹ bá fẹ́ mú ọmọ kúrò, ẹ gbọ́dọ̀ fi ìwé tó wọn létí ní sáà kan ṣáájú, ìwé náà sì gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ wọn kí sáà tó wọlé. Bó bá dé ní ọjọ́ kejì ìwọlé, sáà méjì ni wọn ó gbowó rẹ̀. Ẹ ṣe é ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n buwọ́ lu ọ̀kan, kí wọ́n kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ sì mú un lọ sílé.